Ta Ló Pa Sáfà Ilé Òògùn?

Kò sí kọ́kọ́rọ́ tó já, kò sí fèrèsé tó fọ́, ìlẹ̀kùn yàrá òtútù ilé ìkóògùnsí náà ò sì ní ojú àpá kankan lára. Síbẹ̀, páálí mẹ́rin ti pòórá nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ àwọn tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà ló sì wà nínú gbogbo wọn.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí àgọ́ ọlọ́pàá rán síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Dúró-ná, nítorí èèyàn ò ní í sọ gbólóhùn méjì tán lójú rẹ̀ kó tó ní, "Ẹ dúró ná." Inú rẹ̀ ò dùn rárá lọ́jọ́ náà. Mọ́tò rẹ̀ kú sójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ló fi rìn dé, bàtà sì ti bó o ní gìgísẹ̀. Ohun tó wá bí i nínú jù ni pé kí ó tó jókòó, ọ̀gá ilé ìkóògùnsí náà ti bá a parí ìwádìí.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ọ̀gá wí. "A ti mú olè náà. Ó wà nínú yàrá ìpàdé. Ẹ kàn máa mú un lọ ni."

"Ẹ dúró ná. Ta ni?"

"Obìnrin tó ń tọ́jú sáfà wa. Onísáfà là ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí ojú ẹ̀ tàn yín jẹ o."

"Ẹ̀rí wo lẹ ní?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀. "Kọ̀ǹpútà ńlá kan ló ń darí gbogbo ìlẹ̀kùn ilé yìí, òun ni sáfà. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ìlẹ̀kùn á tì. Tó bá kú, gbogbo ìlẹ̀kùn á ṣí fúnra wọn, kí iná má baà jó èèyàn mọ́lé. Lóru Sọ́ńdè, ẹnì kan pa sáfà láti òkèèrè. Kò fọwọ́ kàn án o. Páásíwọ́ọ̀dù Onísáfà ló fi pa á. Onísáfà nìkan ló mọ páásíwọ́ọ̀dù náà. Ìyá Onísáfà ní ìtọ̀ ṣúgà, abẹ́rẹ́ yìí gan-an ló sì ń gún. Kí ló tún kù?"

"Òògùn ló kù," Màmá Dúró-ná dáhùn. "Ibo ló wà?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé orí tábìlì rẹ̀ tò.

"Ṣé ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì máa ń yẹ báàgì ẹni tó bá ń jáde wò?"

"Gbogbo wa ni. Títí kan èmi náà."

"Ṣé ó rí ẹnikẹ́ni tó gbé páálí jáde?"

"Kò rí i. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ó ní ẹni tó bá a..."

"Ẹ dúró ná."

"Màmá, mi ò lè dúró!" Ọ̀gá fọwọ́ gbá tábìlì. "Àwọn tó ni òògùn ti ń pè mí láti àárọ̀. Kí a tó ṣíwọ́ lónìí, yálà kí ẹ mú ẹlòmíràn, tàbí kí ẹ mú obìnrin yẹn lọ sí àtìmọ́lé."

Màmá Dúró-ná wò ó títí, kò sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọlọ́pàá ń sọ lẹ́nu iṣẹ́.

Yàrá òtútù ló kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé kì í bọ́ súwẹ́tà mọ́, ìbáà jẹ́ oòrùn ìbáà jẹ́ òjò. Bàbá Súwẹ́tà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Ẹ̀ṣọ́ kan tó sanra gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn pinpin.

"Kí lèyí ń ṣe níbí?" Màmá Dúró-ná béèrè.

"Òun ni kọ́kọ́rọ́ wa lónìí," Bàbá Súwẹ́tà dáhùn. "Ọ̀gá ní kí wọ́n yọ wáyà iná sáfà láti àárọ̀ kó má baà jí, kí olè má baà tún gbabẹ̀ wọlé. Gbogbo ìlẹ̀kùn ló wá wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹ̀yìn èèyàn la fi ń tì í."

Ẹ̀ṣọ́ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde tìrora-tìrora kí wọ́n lè kọjá.

Nínú yàrá náà, Bàbá Súwẹ́tà na ọwọ́ sí ẹ̀yìn pátápátá. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o. Páálí mẹ́rin péré. Wọ́n fo gbogbo èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Ṣé tẹ̀yìn yẹn ló wọ́n jù ni?"

"Ó tì o! Ẹnu ọ̀nà níbí lèyí tó wọ́n jù wà. Ẹni tó bá fẹ́ kó o lọ tà, ibí ni ì bá ti kó o. Olè yìí mọ ohun tó ń wá, mà. Abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà nìkan ló bá wá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ o, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ìyá Onísáfà..."

"Mo ti gbọ́ ti ìyá Onísáfà. Ìwọ ńkọ́? Níbo lo wà lóru Sọ́ńdè?"

"Ilé, mà. Èmi àti àwọn ọmọ ọmọ mi ń jà sí rìmóòtù. Ẹ pe ìyàwó mi. Òun ló gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa."

"Tí òògùn yìí bá kúrò níbí, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kó tó bàjẹ́?"

"Nínú ooru yìí? Kò lè pẹ́. Àfi tó bá wà nínú fíríìjì. Bí kò bá sí nínú fíríìjì, omi lásán ni wọ́n jí kó."

Màmá Dúró-ná jáde. Ẹ̀ṣọ́ náà tún padà jókòó, ó ń ráhùn lábẹ́ ẹnu.

Nínú yàrá ìpàdé, Onísáfà ò sunkún. Ó ká ọwọ́ sáyà, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tí wọ́n gba àga lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ti gba fóònù àti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ti ní kó má fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan.

"Ṣé ìwọ lo pa sáfà?"

"Èmi kọ́, mà. Èmi gan-an ni mo lọ sọ fún ọ̀gá pé wọ́n pa á! Mo débí láàárọ̀, mo rí i pé ó kú lóru Sọ́ńdè, ó sì jí, mo sì rí i pé páásíwọ́ọ̀dù mi ni wọ́n fi pa á. Ká ní mo dákẹ́ ni, ta ni ì bá mọ̀?"

"Ó kú, ó jí. Ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá ẹ."

Ojú Onísáfà rọ̀ díẹ̀. "Ọ̀nà jíjìn ni mò ń gbé, mà. Tẹ́lẹ̀, tí sáfà bá dákẹ́, kí n tó débí, nǹkan á ti bàjẹ́. Mo wá ṣí ojú ọ̀nà kan sára rẹ̀ tí a lè máa gbà ṣọ́ ọ láti òkèèrè. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú yàrá ìṣọ́ tó ń gba ojú ọ̀nà yẹn bi í léèrè lemọ́lemọ́ pé, 'Ṣé o wà láàyè?' Tí sáfà bá dáhùn, tẹlifíṣàn ara ògiri á tàn ní àwọ̀ ewé. Tí kò bá dáhùn, tẹlifíṣàn á pọ́n, agogo á dún, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn á sì pe fóònù èmi àti ti ẹni tó ń ṣọ́ ọ."

"Èèyàn sì lè gba ojú ọ̀nà kan náà pa á?"

"Tó bá ní páásíwọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá sì kú, mo ti ṣètò ẹ̀ kó máa jí fúnra ẹ̀ láìpẹ́."

"Láìpẹ́ yẹn, ṣé ó tó kí èèyàn gbé páálí mẹ́rin jáde?"

"Tí onítọ̀hún bá yára."

"Ṣé fóònù rẹ dún lóru yẹn?"

"Kò dún, mà! Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ó yẹ kó dún. Mo ti dán an wò lọ́pọ̀ ìgbà."

"Ta lo fún ní páásíwọ́ọ̀dù yẹn?"

"Mi ò fún ẹnì kankan. Orí mi ló wà. Ọ̀gá ní kí n sọ ọ́ fún òun, mo kọ̀."

"O mọ̀ pé o ń fi ẹnu ara ẹ kó bá ara ẹ?"

"Ṣé kí n wá purọ́ ni, mà?"

Màmá Dúró-ná mí kanlẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, àwọn olóòótọ́ ló máa ń fún un ní ẹ̀fọ́rí jù. Òpùrọ́ á ti ṣètò ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé, olóòótọ́ á kàn da ọ̀rọ̀ sílẹ̀, á ní kí ó máa ṣà á.

"Ta ló gbà ẹ́ gbọ́ nínú ilé yìí?"

"Bọ̀ọ̀dá Tíṣà nìkan. Àwọn ló ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun. Àwọn ló kọ́ èmi náà níṣẹ́ yìí, nígbà tí mi ò tíì mọ ibi tí wọ́n ń gbà tan kọ̀ǹpútà. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí gbogbo wọn ń nàka sí mi, àwọn ló gbé àga fún mi."

Yàrá ìṣọ́ ò tóbi ju ilé ìwẹ̀ lọ, gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀ kan. Ọ̀gá ti tì í pa láti àárọ̀ pẹ̀lú àgádágodo tó ti àpò ara rẹ̀ yọ, ó sì ń yangàn pé ẹnì kankan ò tíì wọ ibẹ̀. Ó ṣí i fún Màmá Dúró-ná. Tẹlifíṣàn náà wà lókè lára ògiri, ó ń tàn yanran ní àwọ̀ ewé, gẹ́gẹ́ bí Onísáfà ṣe wí.

Wọn ò tíì jáde tí ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó mọ́ tónítóní fi yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ó kí wọn pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá, ṣé kí n bá yín yẹ tẹlifíṣàn yẹn wò? Bóyá òun ló ń ṣàìsàn."

"Tíṣà, mo ti sọ fún ẹ láàárọ̀ pé rárá. Ẹnì kan ò ní í fọwọ́ kan nǹkan kan níbí."

"Kò burú, sà. Ìrànlọ́wọ́ ni mo fẹ́ ṣe."

Ẹni tó ń jókòó síwájú tẹlifíṣàn náà lóru ni wọ́n ń pè ní Awògiri. Wọ́n ti lé e síta, ó wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé. Kò tíì sùn láti àná, ojú rẹ̀ ti wú.

"O sùn lóru," Màmá Dúró-ná wí.

"Mi ò sùn, mà."

"Gbogbo aṣọ́de ló ń sùn."

"Mà, ẹ fi mí búra. Títí ilẹ̀ fi mọ́, àwọ̀ ewé ló ń tàn. Kò pọ́n, kò dún. Mo wò ó títí mo fi ń rí àwọ̀ ewé nínú oúnjẹ mi."

"Àwọn wo ló wà nílé yìí ní Sọ́ńdè?"

"Èmi, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, àti Tíṣà. Sọ́ńdè ni Tíṣà máa ń wá tún kíláàsì wọn ṣe. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó lọ. Ṣùgbọ́n báàgì kékeré ni wọ́n gbé jáde, ẹ̀ṣọ́ sì yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ṣé ẹnì kan fọwọ́ kan tẹlifíṣàn yẹn tàbí kọ̀ǹpútà ìdí ẹ̀ láìpẹ́ yìí?"

"Kò... kò sí, mà."

Awògiri wo bàtà ara rẹ̀. Màmá Dúró-ná náà bá a wò ó. Bàtà lásán ni.

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Irọ́ ni, Màmá Dúró-ná sì mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ wo ni? Inú bí i. Nínú ilé yìí, ẹni tó sọ òótọ́ ni wọ́n há mọ́ yàrá ìpàdé, ẹni tó ń purọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọ̀gá tí kò mọ nǹkan kan ló sì ń pariwo jù.

Yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló lọ lẹ́yìn ìyẹn. Tíṣà fa àga fún un, ó nu orí àga náà, ó sì gbé omi oníke kan lé e lọ́wọ́.

"Ó mà ti rẹ̀ yín o, mà. Ẹ má bínú pé omi náà ò tutù. Fíríìjì mi ti bàjẹ́."

Omi náà lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́. Màmá Dúró-ná fi ojú burúkú mu ún. Fíríìjì náà wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n fi àgádágodo há a lẹ́nu, ó sì ń kùn jẹ́jẹ́. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ń ta á, kò fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn.

"Ẹ kọ́ mi ní sáfà. Kíákíá."

Tíṣà mọ ẹ̀kọ́ kọ́ lóòótọ́. Ó tẹ̀ ba, ó fi àpótí dúdú kan hàn án lábẹ́ tábìlì rẹ̀. "Sáfà ìdánrawò rèé. Òun làwọn ọmọ kíláàsì mi fi ń kọ́ṣẹ́, kí wọ́n má baà ba ti ńlá jẹ́. Onísáfà ló ṣe é. Ó da ti ńlá kọ síbí bó ṣe wà, kò yọ nǹkan kan kù, àfi bí ìbejì." Ó mi orí. "Ọmọ dáadáa ni. Àánú ẹ̀ ń ṣe mí. Tí ìyá èèyàn bá ń ṣàìsàn, kí lèèyàn ò lè ṣe?"

"Ṣé ẹ̀yin náà gbà pé òun ló ṣe é?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o! Mo kàn ń bẹ̀ yín pé bó bá jẹ́ òun, kí ẹ fojú àánú wò ó."

Màmá Dúró-ná gbé ìke omi sílẹ̀. "Ẹ pa eléyìí, kí n rí bó ṣe ń kú, kí n rí bó ṣe ń jí."

Ọwọ́ Tíṣà dúró lójú kan. "Ha, kò ní í ṣeé ṣe lónìí, mà. Iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì wà lórí ẹ̀."

"Ẹ ní kí wọ́n má baà ba ti ńlá jẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ṣé èyí náà ò ṣeé bàjẹ́ ni?"

"Tó bá di ọ̀la, mà. Ọ̀la, màá pa á fún yín."

Ọ̀la! Lọ́la, Onísáfà á ti sun àtìmọ́lé mọ́jú. Màmá Dúró-ná jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fìdí lé pèpéle fèrèsé kan, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì. Ọ̀rọ̀ náà ti tojú sú u. Ọ̀gá kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ kí obìnrin náà lè rí i pé òun ń wò ó.

Lápá ibi yàrá òtútù, ẹ̀ṣọ́ tó sanra náà ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìgbà wo gan-an ni wọ́n máa tan ẹ̀rọ yìí padà? Ìdí mi ti kú tán! Wọ́n pa sáfà, wọ́n wá sọ èmi di ìlẹ̀kùn."

Màmá Dúró-ná ò wọ bàtà rẹ̀ padà. Ẹsẹ̀ kan lásán, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ó tiro dé iwájú gíláàsì yàrá ìṣọ́, ó gbójú sókè.

Àwọ̀ ewé.

Sáfà ti kú láti àárọ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pa á. Òun àti ọ̀gá sì ti jọ dúró síwájú tẹlifíṣàn yìí, wọ́n wò ó, wọ́n sì jáde. Ó fọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀, ó sì dun ún.

Ó padà sọ́dọ̀ Awògiri, kò jókòó.

"Gbọ́. Mo mọ̀ pé o ò sùn. Mo mọ̀ pé àwọ̀ ewé lo rí. Gbogbo ohun tó o sọ fún mi ló jẹ́ òótọ́, àfi ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ló fẹ́ gbé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́wọ̀n. Ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn?"

Awògiri dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Wọ́n máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́, mà. Onísáfà ti kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn òun."

"Bí o ò bá sọ ọ́, èmi ni màá lé ẹ, màá sì lé ẹ jìnnà."

"Fúráìdè ni, mà. Tẹlifíṣàn ṣàdédé dúdú. Onísáfà ti gbé ìyá wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀rù bà mí. Tíṣà ló ń kọjá lọ. Wọ́n jókòó sídìí ẹ̀, wọ́n tẹ nǹkan díẹ̀, ó sì tàn padà. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà bá mi wí. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"O dúpẹ́," Màmá Dúró-ná wí. "Ó ti dáa bẹ́ẹ̀."

Ó kó gbogbo wọn jọ síwájú gíláàsì yàrá ìṣọ́: ọ̀gá, Bàbá Súwẹ́tà, Awògiri, Tíṣà, àti Onísáfà tí wọ́n mú jáde láti yàrá ìpàdé. Ó ní kí ẹ̀ṣọ́ kan dúró ti Tíṣà. Ó ní kí gbogbo wọn máa wo tẹlifíṣàn, kí ẹnì kankan má sì yà kúrò lójú kan.

"Kí la fẹ́ wò?" ọ̀gá béèrè. "Màmá, àkókò ń lọ."

Onísáfà ti ń wò ó ṣáájú. Láti àárọ̀ ni wọn ò ti jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ó kọjú sí ọ̀gá. "Sà, ṣé ẹ ti tan sáfà padà ni?"

"Rárá. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí ló wá dé tí ó fi ń tàn ní àwọ̀ ewé?"

Ọ̀gá gbójú sókè wo tẹlifíṣàn náà. Màmá Dúró-ná ti tiro lọ sí yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó wólẹ̀ sábẹ́ tábìlì Tíṣà, ó wá wáyà àpótí dúdú náà kàn, ó sì fà á yọ lára ògiri pẹ̀lú gbogbo ìbínú tó ti ń gbé kiri láti àárọ̀.

Tẹlifíṣàn pọ́n. Agogo ké débi pé Bàbá Súwẹ́tà fò sókè. Fóònù Awògiri dún. Fóònù kejì náà dún, nínú àpò ọ̀gá, nítorí ti Onísáfà tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Onísáfà fọwọ́ bo ẹnu. "Sáfà ìdánrawò! Òun ni wọ́n ń ṣọ́! Ha, èmi ni mo ṣe é. Mo da ti ńlá kọ síbẹ̀, mi ò rántí yí páásíwọ́ọ̀dù ojú ọ̀nà yẹn padà. Ọ̀kan náà ni méjèèjì."

"Òun ni Tíṣà fi rí páásíwọ́ọ̀dù rẹ," Màmá Dúró-ná wí. Ó ti padà dé, eruku ti bo eékún rẹ̀. "Abẹ́ tábìlì ẹ̀ ló ti mú un. Nígbà tí tẹlifíṣàn dúdú ní Fúráìdè, Tíṣà rí ààyè, ó kọ àdírẹ́sì sáfà ìdánrawò sí kọ̀ǹpútà yìí dípò ti ńlá. Páásíwọ́ọ̀dù bá a mu, kọ̀ǹpútà yìí ò mọ̀yàtọ̀. Láti ìgbà náà, Awògiri ń ṣọ́ àpótí tí kì í kú. Ní Sọ́ńdè, ó pa sáfà ńlá láti orí kọ̀ǹpútà yàrá ẹ̀, ìlẹ̀kùn ṣí, ó kó páálí mẹ́rin, sáfà jí, ìlẹ̀kùn tì. Láàárọ̀ yìí, ó fẹ́ wá dá àdírẹ́sì padà, ó bẹ ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá ò gbà. Ọ̀gá, ohun kan ṣoṣo tí ẹ ṣe dáadáa lónìí nìyẹn, ẹ ò sì mọ̀ pé ẹ ṣe é."

"Irọ́ ni," Tíṣà wí. Ohùn rẹ̀ ṣì tutù. "Báàgì mi ńkọ́? Ẹ̀ṣọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ibo ni mo kó òògùn gbà?"

"O ò kó o jáde. Fíríìjì tó bàjẹ́ kì í kùn, a kì í sì í fi àgádágodo ti fíríìjì tó ṣófo. O fún mi ní omi gbígbóná mu, Tíṣà. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Tíṣà ò mú un wá. Ẹ̀ṣọ́ ló yọ ọ́ lápò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí fíríìjì náà, Bàbá Súwẹ́tà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ pé, gbogbo rẹ̀ tutù.

"Ó tọ́jú ẹ̀ dáadáa," ó wí, ẹnu sì yà á.

"Torí pé kò fẹ́ tà á," Màmá Dúró-ná wí. "Olè tó fo ẹrù tó wọ́n jù, kì í ṣe ẹrù ló ń wá. Tíṣà, kí ni ọmọ yìí fi ṣe ọ́?"

Tíṣà ò wo ojú rẹ̀. Onísáfà ló ń wò.

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ó wí. "Èmi ni mo fi ìka rẹ lé bọ́tìnnì. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣàkóso sáfà, mo tọrọ rẹ̀. Ìwọ ni wọ́n fún. Wọ́n ní kí èmi lọ máa kọ́ àwọn ọmọdé. Ìgbà tó o wá ṣe ṣíṣọ́ láti òkèèrè yìí, gbogbo ilé iṣẹ́ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ. Ọgbọ́n ta ni?"

"Ọgbọ́n yín ni, sà. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"O sọ ọ́. Wọn ò gbọ́." Ohùn rẹ̀ já. "Mo fẹ́ kí wọ́n lé ẹ ni. Kí wọ́n lé ẹ, kí n wá bá wọn rí òògùn náà. Bóyá nígbà yẹn, wọ́n á rántí pé mo wà níbí."

"Ìyá mi ńkọ́?" Onísáfà béèrè. "Ẹ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n ń gún. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní àkọ́bí àwọn. Ẹ fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé torí tiwọn ni mo ṣe jalè?"

Tíṣà gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Wọn ò sọ ohun tí a máa fi ojú náà ṣe lẹ́yìn ìgbà tó bá ti ta á.

Ọ̀gá yọ fóònù Onísáfà lápò, ó nà án sí i. Ó wúkọ́. Ó ní ìlẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, ó ní bóyá kó lọ tan sáfà ná. Màmá Dúró-ná yíjú sí i. "Gbangba lo ti pè é lólè, gbangba ni wàá ti bẹ̀ ẹ́. Ní báyìí." Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́, bí ẹni tí eegun há lọ́fun. Onísáfà gba fóònù náà, ó fi í sápò.

Wọ́n mú Tíṣà lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn wo àpótí dúdú abẹ́ tábìlì náà. Wáyà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n fà á yọ sí.

"Má kàn tan ìyẹn lójijì o," ó wí fún Onísáfà, ní ohùn tó fi ń kọ́ni. "Iná já mọ́ ọn lórí. Kọ́kọ́ yẹ inú ẹ̀ wò dáadáa, kí iṣẹ́ àwọn ọmọ má baà sọnù."

"Ẹ ṣé, sà," Onísáfà dáhùn.

Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó gbọ́. Ó dúró síbẹ̀ títí ìró ẹsẹ̀ wọn fi tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa ọ̀kan lára àga àwọn ọmọ kíláàsì, ó jókòó, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.